Wọ̀n Ọ́n Kí O Tó Rà Á: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Asáré Kan

Ọkọ̀ náà àti ohun tí wọ́n ti ṣe sí i

Ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì ni, táyà ẹ̀yìn ló ń gba agbára. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 ló wà nínú rẹ̀, sílíńdà mẹ́rin, kò ní tọ́bò, ó sì lè yí dé 7,000 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kí bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tó dá a dúró. Àbúrò mi kan ló ni ín. Ohun tó sọ fún mi rèé: "Ẹ̀gbọ́n, tó bá tutù, ó dáa. Tó bá gbóná tán, á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí sìlóò, iná ẹ́ńjìnnì á tàn. Tí mo bá sì wá tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, tó bá ti kọjá 5,000, ńṣe ló kàn ń rọ̀." (Sìlóò ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́.)

Kó tó gbé e wá, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, àti pọ́ǹpù epo. Tuntun ni gbogbo wọn. Àìsàn náà ò yí padà rárá. Tí ẹ bá sì wo bí wọ́n ṣe ń rà á, ìdí wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kóòdù kan (àmì àléébù tí bíréènì bọ́ọ̀sì ń gbé jáde) ní sílíńdà kejì ò jó dáadáa, ni wọ́n bá ra púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Òmíràn ní epo kéré sí afẹ́fẹ́, ni wọ́n bá ra sẹ́ńsọ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ ò lágbára tí RPM bá lọ sókè, ni wọ́n bá ra pọ́ǹpù. Kò sẹ́ni tó fi mítà tàbí géèjì kan ohunkóhun kí owó tó jáde. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ò ju ẹyọ kan lọ: páàtì kankan ò ní wọlé àfi tí ìwọ̀n kan bá ti dá èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, pàápàá lórí ọkọ̀ asáré. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí dé 7,000, tí epo rẹ̀ ò tó nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, lè yọ́ orí písítínì tàbí kó jó fáfù kí ẹni tó ń wakọ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Tí a bá ń fi àbá pààrọ̀ páàtì lórí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, owó nìkan kọ́ là ń fi ṣòfò. Gbogbo ìgbà tí a fi ń dánra wò ni ẹ́ńjìnnì fi ń jẹ ìyà.

Ìbéèrè kí sípánà tó jáde

Mo ní kó tún ìtàn náà sọ, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo ń bi í ní ìgbà wo gan-an. Ṣé bó ṣe ń ṣí i láàárọ̀ ni, àbí lẹ́yìn tí géèjì ooru bá ti dúró láàárín? Tó bá ń gbọ̀n lórí sìlóò, tó wá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ dé 2,000, ṣé gbígbọ̀n náà ń lọ? Ó ní ó ń lọ pátápátá. Tó bá rọ̀ lókè 5,000, ṣé ó ń jáàkì, àbí agbára kàn ń dínkù láìsí ariwo? Ó ní kì í jáàkì. Tó bá rọra ń wakọ̀ lórí 5,000 kan náà láìtẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ ńkọ́? Ó ronú díẹ̀, ó ní kò ṣe nǹkan kan.

Ìdáhùn wọ̀nyí nìkan ti gba iṣẹ́ púpọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. Lórí sìlóò, ilẹ̀kùn tọ́rótù, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, fẹ́rẹ̀ẹ́ ti pa, ẹ́ńjìnnì sì ń fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú agbára. Ibikíbi tó bá jò lẹ́yìn tọ́rótù, ìgbà yẹn ló máa ń ṣe jàǹbá jù. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, ìfàmọ́ra yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, ihò tó ń dààmú sìlóò ò sì já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè nígbà náà ni epo púpọ̀, iná tó lágbára, àti èémí tó já gaara. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn méjì ló wà nínú ọkọ̀ kan, kí n má sì jẹ́ kí ìwòsàn ọ̀kan tàn mí pé èkejì ti lọ.

Bó ṣe ń dáa nígbà tó tutù náà ní ìtumọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, bíréènì bọ́ọ̀sì mọ̀ọ́mọ̀ ń fún un ní epo àfikún, kò sì tíì máa tẹ̀lé ohun tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ń sọ. Epo àfikún yẹn ló ń bo àìtó mọ́lẹ̀.

Kóòdù: ẹjọ́ ló pè, kò tíì dájọ́

Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù látinú bíréènì bọ́ọ̀sì, gbé P0171 àti P0302 jáde. P0171 ní epo kéré sí afẹ́fẹ́ ní apá àkọ́kọ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tó jẹ́ gbogbo ẹ́ńjìnnì fún sílíńdà mẹ́rin tó tò gba ojú kan. P0302 ní sílíńdà kejì ń pàdánù ìjóná. Irú kóòdù báyìí wà láti ìgbà tí OBD-II, ètò tí ọkọ̀ fi ń yẹ ara rẹ̀ wò, ti di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, tí ilẹ̀ Yúróòpù sì tẹ̀lé e fún ọkọ̀ oníbẹntiróòlù tuntun ní 2001, ìtumọ̀ wọn sì bára mu láti ọkọ̀ kan sí òmíràn. Èyí ló jẹ́ kí ó rọrùn fún ènìyàn láti ka kóòdù kó sì sáré lọ ra nǹkan.

Kò síbi tí P0171 ti dárúkọ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí tó ròyìn ohun tó rí. Kò síbi tí P0302 náà ti dárúkọ kọ́ìlì. Sílíńdà lè ṣàì jó nítorí iná, nítorí epo, nítorí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù, tàbí nítorí pé kò lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́.

Kí n tó pa kóòdù rẹ́, mo ka àwòrán ìgbà tí bíréènì bọ́ọ̀sì tọ́jú pa mọ́ pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní freeze frame. Ó ní RPM jẹ́ 780, omi ẹ́ńjìnnì gbóná dé 91°C, ọkọ̀ dúró lójú kan. Ó bá ẹnu ẹni tó ni ọkọ̀ mu. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa kóòdù rẹ́ kí wọ́n tó wo ibẹ̀, ẹ̀rí náà á sì bá a lọ.

Fuel trim, níbi tí ọ̀rọ̀ ti là

Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni mo lè kọ́ ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe, èyí ni màá kọ́ ọ. Bẹntiróòlù fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 14.7 fún epo 1, ní ìwọ̀n ìwúwo, kí ìjóná tó pé. Bíréènì bọ́ọ̀sì ṣírò epo láti ara afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ wọ̀n, lẹ́yìn náà ó ń wo sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn láti mọ̀ bóyá ìṣirò òun tọ̀nà. Tí kò bá tọ̀nà, ó ń fi kún epo tàbí ó ń yọ kúrò. Àfikún yẹn ni fuel trim. Ọ̀kan wà tó ń yí lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan wà tó ń kọ́ ìwà ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àròpọ̀ méjèèjì ni kí ẹ máa wò. Tó bá wà láàárín -10% sí +10%, kò sí wàhálà púpọ̀.

Mo mú kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, mo sì kọ àròpọ̀ náà sílẹ̀ ní ibi mẹ́ta, ọkọ̀ dúró lójú kan. Lórí sìlóò, +27%. Ní 1,500 RPM, +14%. Ní 2,500, +7%.

Ẹ wo bó ṣe ń já wálẹ̀. Ká ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí tàbí ló ń purọ́, kì í sábà já báyìí. Irọ́ rẹ̀ sábà máa ń bá a lọ sókè, ó sì lè burú sí i bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń pọ̀. Àmọ́ ihò tó wà lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ náà ń gba iye afẹ́fẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, níwọ̀n ìgbà tí ìfàmọ́ra inú mánífóòdù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà) ò bá yí padà púpọ̀. Mo fi ìṣirò dán an wò. Lórí sìlóò, sẹ́ńsọ̀ ń ka gíráàmù 2.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 0.6. Ní 2,500, ó ń ka 7.0, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ bíi 0.5. Iye afẹ́fẹ́ tó sọnù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní ibi méjèèjì. Afẹ́fẹ́ kan ń gba ẹ̀yìn wọlé láìjẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ rí i, mo sì ti mọ bó ṣe pọ̀ tó kí n tó tú nọ́ọ̀tì kan.

Ẹ ṣọ́ra o: ọkọ̀ tí kò ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ṣíṣàn afẹ́fẹ́, tó jẹ́ pé ìfúnpá inú mánífóòdù ló fi ń ṣírò, kì í hùwà báyìí. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jò, sìlóò rẹ̀ ló sábà máa ń lọ sókè, fuel trim lè má yí púpọ̀. Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń tún ṣe kí ẹ tó lo ìṣirò yìí.

Sílíńdà kejì: ṣé òun náà ló ṣẹ̀?

Bátìrì àkọ́kọ́ ná: 12.6 fóòtì (ìwọ̀n agbára tó ń ti iná mànàmáná) nígbà tó sinmi, 14.1 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó dára, mo kọjá.

Mo gbé kọ́ìlì kejì sórí kẹrin, mo gbé ti kẹrin sórí kejì, mo wo òǹkà ìpàdánù ìjóná lórí síkánà. Kejì náà ló ṣì ń kà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì, kò tẹ̀ lé e lọ. Kò sí owó kankan nínú ìdánwò yìí. Ká ní wọ́n ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, kọ́ìlì mẹ́rin ì bá má jáde látinú páálí. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kó ti mú ojú wọn kúrò lára kọ́ìlì: iná tó bá rẹ̀ sábà máa ń ṣubú nígbà tí ẹrù bá wúwo, ìyẹn nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì, torí pé afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ nínú sílíńdà ń mú kó ṣòro fún iná láti fò kọjá ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ti ọkọ̀ yìí, orí sìlóò ló ti ń ṣubú, tí a bá sì tẹ̀ ẹ́, á lọ. Ìdàkejì gan-an ni.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n ìfúnpọ̀, bí písítínì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ fíùsì pọ́ǹpù epo, ẹ dá kọ́ìlì dúró, ẹ ṣí tọ́rótù pátápátá, kí bátìrì sì kún. Tí ẹ bá gbàgbé láti ṣí tọ́rótù, gbogbo sílíńdà ni yóò kà sílẹ̀, ẹ ó sì máa bẹ̀rù lásán. Mo rí 185, 182, 184 àti 180 psi (ìwọ̀n ìfúnpá). Wọn ò jìnnà síra wọn rárá. Ìyàtọ̀ tó bá ti ju bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ló yẹ kó bani lẹ́rù.

Mo ṣe ìdánwò ìjò náà fún sílíńdà kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfúnpọ̀ rẹ̀ dáa. Mo fẹ́ mọ̀ dájú kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé písítínì dé òkè, níbi tí fáfù gbogbo ti pa, ẹ di ẹ́ńjìnnì mú kó má baà yí, ẹ wá ti afẹ́fẹ́ 100 psi wọ ihò púlọ́ọ̀gì. Géèjì á sọ ìdá tó ń jò. Mo rí 7%. Ìwọ̀n yẹn dáa fún ẹ́ńjìnnì tó ti rìn. Tó bá kọjá 20%, ẹ jókòó tì í. Etí ni ẹ ó fi mọ ibi tó ń jò sí. Tí ìró afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹnu sàláńsà jáde, fáfù tó ń tú èéfín ni. Tó bá jẹ́ láti tọ́rótù, fáfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ni. Tó bá jẹ́ láti ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, ríǹgì ni. Tí omi rádíétọ̀ bá ń hó, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, tàbí hẹ́ẹ̀dì tó ti là. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju gbogbo àwọn yòókù lọ, torí pé ó ń sọ ibi tó ń jò láìjẹ́ pé a ṣí inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ asáré tí wọ́n ti lò, kó ní kí wọ́n ṣe é lójú òun.

Inú sílíńdà kejì dá, iná rẹ̀ dá. Ohun tó kù ni epo àti afẹ́fẹ́ rẹ̀, mo sì ti ní ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ kan ń wọlé níbi tí kò yẹ.

Èéfín

Àwọn kan máa ń fi nǹkan olómi tó ń gbiná fín yí mánífóòdù ká nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi gbọ́ bóyá ìró rẹ̀ á yí padà. Èmi kì í ṣe é. Sàláńsà tó gbóná wà nítòsí, iná sì lè sọ. Èéfín ni mo ń lò: ẹ̀rọ tó ń ti èéfín wọlé pẹ̀lú ìfúnpá kékeré tí kò tó 1 psi. A pa ẹ́ńjìnnì, a dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, a ti èéfín náà gba ọ̀kan nínú ọ́ọ̀sì tó wọ mánífóòdù, a sì tan tọ́ọ̀ṣì.

Fún ìgbà díẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo wo ọ́ọ̀sì búrékì, mo wo ọ́ọ̀sì tó ń gbé èémí ọ́ìlì, mo wo ìdí tọ́rótù. Ìsàlẹ̀ mánífóòdù, níbi tí ojú ò lè dé, ni mo fi dígí kékeré wò nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ti ń jáde, níbi tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílíńdà kejì ti pàdé hẹ́ẹ̀dì. Gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti là. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ń lọ tààrà sínú sílíńdà kejì ju àwọn yòókù lọ; ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló ń pàdánù ìjóná, tí fuel trim gbogbo ẹ́ńjìnnì sì ń lọ sókè. Ihò kan ṣoṣo ló bí kóòdù méjèèjì.

Mo yọ mánífóòdù, mo fi irin gbọọrọ tó tọ́ lé ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti wọ́. Kò wọ́. Ẹ má fi ohun mímú ha ojú hẹ́ẹ̀dì, álúmínọ́ọ̀mù ni, ibi tí ẹ bá ha lónìí ni yóò tún jò lọ́la. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wọlé, mo dè é láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ipele méjì, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Lẹ́yìn tí mo pa kóòdù rẹ́ tí ọkọ̀ sì tún ìwà rẹ̀ kọ́, àròpọ̀ fuel trim di +3% lórí sìlóò, +2% ní 2,500. Òǹkà sílíńdà kejì dúró sórí òdo.

Ìdajì iṣẹ́ tó kù

Inú ẹni tó ni ọkọ̀ ti ń dùn. Mo ní kó fara balẹ̀. Lójú ọ̀nà tó ṣófo, ní ibi tí a ti lè tẹ̀ ẹ́ láìfi ẹnikẹ́ni sínú ewu, ọkọ̀ náà tún rọ̀ lókè 5,000 gẹ́gẹ́ bíi tẹ́lẹ̀. Òun ló ń wakọ̀, èmi ni mo ń wo síkánà. Ẹni kan kò gbọ́dọ̀ ṣe méjèèjì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ẹ́ńjìnnì ń mí? Ìṣirò kékeré kan ń dáhùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gba afẹ́fẹ́ lítà 2.0 ní gbogbo ìyípo méjì. Ní 6,000 RPM, ìyẹn jẹ́ lítà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá. Afẹ́fẹ́ wúwo tó bíi gíráàmù 1.2 ní lítà kan, nítorí náà tó bá kún dẹ́nu, gíráàmù 120 ni yóò máa gbà ní ìṣẹ́jú àáyá. Síkánà kà 112, èyí tó jẹ́ bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún, dáadáa fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò. Nọ́ńbà kan yìí tú ọ̀pọ̀ afurasí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: sàláńsà ò dí, fíítà afẹ́fẹ́ ò dí, táímù fáfù ò yà, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ sì ń sòótọ́.

Ìbéèrè kejì: ṣé epo tó? Tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, bíréènì bọ́ọ̀sì kì í tẹ̀lé fuel trim ojú ẹsẹ̀ mọ́, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn inú ọkọ̀ yìí náà ò sì lè sọ ju pé epo pọ̀ tàbí epo kéré. Mo de sẹ́ńsọ̀ wideband mọ́ ọn, èyí tó ń ka iye gan-an. Lambda ni orúkọ iye náà: 1 ni 14.7 yẹn, tó bá kéré sí 1, epo ló pọ̀, tó bá ju 1 lọ, epo ló kéré. Fún irú ẹ́ńjìnnì yìí, lambda tó yẹ nígbà tí ẹrù kún jẹ́ bíi 0.85 sí 0.88, kí epo tó lé kún un lè máa tu ìjóná lójú. Ohun tí mo kà ni 1.05. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. N kò jẹ́ kó tún tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ títí mo fi rí ìdí rẹ̀.

Géèjì ìfúnpá epo ló tẹ̀ lé e. Mo dè é síta, sórí gíláàsì iwájú. Ẹ má ṣe gbé ọ́ọ̀sì tí epo wà nínú rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ láé. Lórí sìlóò, 2.5 bar (ìwọ̀n ìfúnpá mìíràn). Tí mo bá yọ ọ́ọ̀sì ìfàmọ́ra kúrò lára régúlétọ̀, èyí tó ń ṣètò ìfúnpá epo, 3.0, bó ṣe yẹ. Lójú ọ̀nà, pẹ̀lú ẹrù, ó yẹ kó dúró sórí 3.0. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, géèjì ti já sí 2.1 kó tó pé 5,500.

Iye epo tí nọ́sùlù, ẹnu tó ń fín epo fún ẹ́ńjìnnì, ń fún ń tẹ̀lé skúwáyà rúùtù ìfúnpá. 2.1 nínú 3.0 jẹ́ 0.70, skúwáyà rúùtù rẹ̀ sì jẹ́ bíi 0.84. Epo ti dín ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá fi 0.84 pín 0.88, ẹ ó rí 1.05 tí wideband kà. Nígbà tí géèjì méjì tí kò mọ ara wọn bá jẹ́rìí kan náà, mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Pọ́ǹpù tuntun tí ebi fóòtì ń pa

Ibí ni ẹni tó ń fi àbá ṣiṣẹ́ yóò ti ra pọ́ǹpù mìíràn. Ó lè sọ pé ayédèrú ni àkọ́kọ́. Àdúgbò tí àìsàn wà ni wọ́n dé nígbà tí wọ́n ra pọ́ǹpù náà lóòótọ́, ilé ni wọ́n ṣì.

Mo fi mítà kan ẹsẹ̀ wáyà méjèèjì tó wọ pọ́ǹpù, nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ń ka 14.1, pọ́ǹpù ń ka 11.2. Fóòtì 2.9 sọnù lójú ọ̀nà. Láti mọ apá ibi tó sọnù sí, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sí orí pọ́sítíìfù bátìrì, ìkejì sí pọ́sítíìfù pọ́ǹpù: mo rí 0.4, tó gba rilé (súìṣì oníná tó ń tan pọ́ǹpù), fíùsì àti wáyà gígùn kọjá. Lẹ́yìn náà, láti nẹ́gétíìfù pọ́ǹpù sí nẹ́gétíìfù bátìrì: 2.5. Ẹ́ẹ̀tì ni, ọ̀nà tí iná ń gbà padà láti pọ́ǹpù gba ara ọkọ̀ lọ sí bátìrì.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí pé ọ̀pọ̀ ló ń fi óòmù (ìwọ̀n ìdènà iná) wá irú àìsàn yìí, wọn kì í sì í rí i. Pọ́ǹpù yìí ń fa bí áḿpù 8. Fóòtì 2.5 pín sí 8 jẹ́ bíi 0.3 óòmù. Wáyà mítà lásán lè kà tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fi ẹnu méjèèjì kanra. Ẹni tó bá pa ọkọ̀ tó wá fi óòmù wò ó yóò ní "ó dáa" kó sì kọjá. Ìgbà tí iná bá ń ṣàn gba ibẹ̀ nìkan ni ìjẹrà máa ń fara hàn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká wọn fóòtì tó ń sọnù, kí nǹkan náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo tọ wáyà dúdú náà lọ sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bùútù. Nọ́ọ̀tì kan ló de é mọ́ ara ọkọ̀, ìpẹtà ti bo abẹ́ rẹ̀, wáyà náà sì ti dúdú nínú róbà rẹ̀. Kò ṣe nǹkan lórí sìlóò, torí pé nígbà náà ọ̀pọ̀ epo tí pọ́ǹpù ń tì ló ń padà sí táǹkì. Ó pọ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì ń lò lọ. Lókè 5,000 ni nọ́sùlù ti ń béèrè gbogbo rẹ̀, pọ́ǹpù tí 11 fóòtì ń tì ò sì lè pèsè rẹ̀.

Mo gé ibi tó ti dúdú kúrò, mo fún ojú wáyà tuntun mọ́ ọn, mo ha ara ọkọ̀ títí irin fi dán, mo dè é padà, mo sì kun ún lẹ́yìn tí mo dè é tán kí ọ̀rinrin má baà wọlé. Fóòtì tó ń sọnù lórí ẹ́ẹ̀tì di 0.05, pọ́ǹpù sì ń gba bíi 13.6. Ìfúnpá dúró gbọnin sórí 3.0 títí dé 6,800 RPM, wideband sì ka 0.87. Ọkọ̀ náà ń fà bó ṣe yẹ kó máa fà.

Tó bá jẹ́ irú ẹ́ńjìnnì mìíràn

Ká ní ó ní tọ́bò ni, màá ti fi afẹ́fẹ́ dán àwọn ọ́ọ̀sì láti tọ́bò dé mánífóòdù wò kí n tó fẹ̀sùn kan epo, torí pé afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ti kà, tó wá jò síta, ń mú kí epo pọ̀ jù dípò kó kéré. Ká ní epo rẹ̀ ń wọ inú sílíńdà tààrà ni, pọ́ǹpù méjì ló wà níbẹ̀, ti táǹkì àti ti ìfúnpá gíga tó lè kọjá 100 bar. Ẹ má ṣí páìpù ti ìfúnpá gíga nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ ò tíì lọ sílẹ̀. Ó lè gún ara. Síkánà ni kí ẹ fi ka ìfúnpá rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ náà ni èédú máa ń dì sẹ́yìn fáfù rẹ̀, torí pé epo kì í fọ̀ ọ́.

Ohun tó wọlé, ohun tó kù

Gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù kan, ojú wáyà kan, ọ̀dà díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dán àwọn páàtì àtijọ́ tí wọ́n tọ́jú sínú àpò wò: kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ àtijọ́ sì ń ka iye kan náà bíi tuntun lórí sìlóò. Mo ní kó tọ́jú wọn sílé.

Mo kọ fuel trim ibi mẹ́ta, ìfúnpá epo, ìwọ̀n ìfúnpọ̀ àti fóòtì pọ́ǹpù sínú ìwé kékeré kan, mo fi í sínú ọkọ̀, kí ẹni tó bá tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí mọ bó ṣe rí nígbà tí ara rẹ̀ yá. Rilé pọ́ǹpù ló kù tí mo fẹ́ tún wò. Fóòtì 0.4 tó ń sọnù ní apá pọ́sítíìfù ò tíì burú, àmọ́ tó bá kọjá 0.5 nígbà tí a bá tún wọ̀n ọ́n, ojú rilé náà ni màá kọ́kọ́ ṣí.